Ẹgbẹ́ Ajẹko Níwájú Kìnnìún

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó ń lọ sílé ìjọba lọ dọ̀bálẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń gbàgbé ohun tó gbé yín débẹ̀, ẹ wá bá mi gbe orin àlọ́ yìí.

Kìnnìún ọba pàṣẹ pé odò iwájú ilé òun nìkan ni kí gbogbo ẹranko ti máa mumi. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ mumi ò padà wálé mọ́. Làwọn ajẹko bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi Àgbọ̀nrín ṣe alága, wọ́n ní àwọn ń lọ bẹ ọba kó yí òfin náà padà.

Bí wọ́n ṣe débẹ̀, gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Àgbọ̀nrín dá orin:

"Ọba wa, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!"
"A dọ̀bálẹ̀ o, a dọ̀bálẹ̀!"

Igbó mì tìtì. Wọn ò rí ọba tó rọra dìde, tó yí lọ sẹ́yìn wọn.

Ehoro ní, "Alága, ọ̀rọ̀ omi ńkọ́?"

"Ṣé o ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni? Jẹ́ ká kí ọba tán ná!"

Alága tún dá orin náà. Ègbè ti ń fẹ́lẹ́. Ehoro gbójú sókè, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kù níbi táwọn ará ẹ̀yìn dọ̀bálẹ̀ sí.

"Alága, ẹ wẹ̀yìn! Ó ń jẹ wá!"

"Ọ̀yájú! Ta ní ń wojú ọba?"

Ehoro bẹ́ sígbó. Àgbọ̀nrín tún dá orin, kò gbójú sókè. Ohùn kan ṣoṣo ló gbè é, ohùn tó nípọn, èémí rẹ̀ sì ń jó o lọ́rùn:

"A dọ̀bálẹ̀ o, a dọ̀bálẹ̀."

Àlọ́ mi parí síbẹ̀. Ẹ dìde nílẹ̀, jàre.