Ọlámúyìwá àti Irin inú Kẹrosíìnì

Ọlámúyìwá kì í gbọ́rọ̀ tán. Èèyàn kò tíì ní bẹ̀rẹ̀ àlàyé tí á fi ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n." Ní ọdún 1956, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀wọ̀ gbà á fún oṣù mẹ́ta láti fi dán an wò, kó máa tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì. Bí ó bá yege, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bàbá Theresa, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ará Ìdóàní, sì ti ní òun kò ní fọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Ó ku ọjọ́ kan kí oṣù mẹ́ta náà pé, tíṣà sáyẹ́ǹsì, Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé, pè é.

"Múyìwá, àlejò ń bọ̀ lọ́la. Fọ àwọn irin wọ̀nyí. Omi kò lè ṣe bàbà ní nǹkan kan. Irin lásán, nù ún gbẹ kó má baà dípẹtà. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù tó wà nínú kẹrosíìnì yìí..."

"Ó yé mi, sà! Ilé wa ló ń fọ idẹ àwọn ìjòyè fún ọdún Igogo. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni."

Agogo kíláàsì dún, tíṣà sáré jáde láìparí ọ̀rọ̀. Ọlámúyìwá ti gbé bàsíà omi, ó ti ń kọrin.

Bàbà dán, irin dán. Ó wá ṣí ìgò kẹrosíìnì. "Irin wo ló rọ̀ bí ọṣẹ báyìí? Ìdọ̀tí ló bò ó." Ó mú ọsàn lọ́wọ́, ó jù ú sínú omi.

Nǹkan náà ń sáré kiri lórí omi, ó ń hó ṣùùù. Ọlámúyìwá bú sẹ́rìn-ín. "Ọsàn lò ń sá fún ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó dáadáa.

Gbàù! Bàsíà fò, iná lá irun ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀wù funfun rẹ̀ di ajere.

Theresa, tó gbé oúnjẹ wá fún un, dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ̀ọ̀dá Múyìwá, ta ló bá yín fá irun ojú?"

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dúpẹ́ pé ojú rẹ̀ kò fọ́, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀; iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Bàbá Theresa ní kó wá fi ọdún méjì kọ ebè ní oko òun, bí ó bá ṣì fẹ́ ìyàwó. Ní àràárọ̀ ni bàbá arúgbó náà ń ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ ebè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Ọlámúyìwá á sì dúró gbọ́ ọ tán kó tó fọwọ́ kan ọkọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ́gbọ́n. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń bá omi gbé: bàbà kò bìkítà, irin lásán ń dípẹtà díẹ̀díẹ̀, sódíọ̀mù ń gbiná lójú ẹsẹ̀. Ìmọ̀ tí a ní nípa ọ̀kan kò tó láti fi tọ́jú òmíràn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́, kó gba àlàyé rẹ̀ tán.