Ẹ̀ṣọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

"Kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ tó ń lé olè nínú kọ̀ǹpútà rẹ," ni ọ̀gá òjóró wí sínú fóònù. "Bí o ò bá pa á, ètò òjóró géèmù tí mo tà fún ọ ò ní wọlé."

"Mo ti pa á, ọ̀gá. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí," ni oníbàárà rẹ̀ dáhùn.

Ọ̀gá pa fóònù, ó pòṣé. "Ọ̀dẹ̀! Àgbàlagbà tí ò lè na ọmọdé nínú géèmù láìṣòjóró! Torí pé ẹni tí mo bá yàn nìkan ni mò ń tà á fún, wọ́n rò pé iyì ni. Wọn ò mọ̀ pé òjóró náà ń ṣí kámẹ́rà wọn. Mò ń wò wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n."

Ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, ń lọ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Àwọn àgbà òjóró kan ló ń ṣe é, èmi kàn ń tún un ṣe kí n tó tà á. Àwọn náà kì í gba gbogbo èèyàn o!" Ó gbé àyà sókè. "Èmi ni wọ́n yàn."

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà pa ẹ̀ṣọ́ tiyín?"

"Bí n ò bá pa á, báwo ni yóò ṣe wọlé?"

Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà ń wò. Ó ń tàn roro, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ilé ò tan kámẹ́rà.

Ó rọra fa aṣọ ìnura tó ró mọ́ àyà sókè títí dé ọrùn.