Bí Muslimat Ṣe Mọ Orúkọ Rẹ̀ Kọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì, obìnrin kan mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nísàlẹ̀ òkè Mápó. Sìdí ni obìnrin náà ń jẹ́. Abọ́ àti ike ló ń tà ní Ọjà'ba, kò sì tíì pẹ́ tó gba yàrá kan sí Bẹyẹrunka. Ó ní Muslimat lorúkọ ọmọ náà, pé ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún òun nìyẹn.

Olúbùnmi ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Àǹtí Bùnmi ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í fọwọ́ kan pàṣán. Ó gbà pé kò sí ọmọ tí kò lè mọ̀wé, àfi kí olùkọ́ ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ Muslimat wá ń kọ ọ́ lóminú. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, kò ní dáhùn, àfìgbà tí ẹni tó jókòó tì í bá fi ìgúnpá gbún un. Bí àwọn yòókù bá ń ṣeré níta, á lọ dúró ti géètì, á máa wo ojú àwọn obìnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwé kíkọ ló le jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀, Muslimat fa òbìrìkìtì ńlá kan sáàárín ìwé, ó sì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Kí lo yà yìí?" Àǹtí Bùnmi bi í.

"Èmi ni."

"Ìwọ kọ́ nìyẹn. Ẹyin nìyẹn."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Bùnmi pa á rẹ́, ó kọ M síbẹ̀, ó ní kó máa wò ó kọ. Muslimat tún fa òbìrìkìtì. Bó ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Ó fi ìka fà á sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fà á sórí tábìlì.

Sìdí fúnra rẹ̀ ló máa ń wá mú ọmọ náà lọ sílé. Á ti dé kí agogo tó lù, á di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kò sì ní jẹ́ kó bá àwọn ọmọ Bẹyẹrunka yòókù rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Bùnmi dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ yín ò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Òbìrìkìtì ló ń fà ṣáá."

Ojú Sìdí yí padà. "Ibo ló fà á sí?"

Àǹtí Bùnmi fi tábìlì hàn án. Sìdí fi itọ́ sí àtàńpàkò, ó nu ṣọ́ọ̀kì náà títí igi fi mọ́ fóó.

"Ẹ má jẹ́ kó fà á mọ́, Àǹtí. Tó bá fà á, ẹ lù ú. Mo yọ̀ǹda."

"Mi ò kì í lu ọmọ, mà."

"Tí ò bá mọ orúkọ rẹ̀ kọ kí ẹ tó gba ọlidé, ẹ ò ní rí i níbí mọ́. Màá gbé e lọ sókè Ọya. Kò sẹ́ni tó máa bi í lórúkọ níbẹ̀."

Ara Àǹtí Bùnmi bù máṣọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú ọmọ kan kúrò ní kíláàsì rẹ̀ báyìí, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Ó pinnu pé ti Muslimat ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti jáde lọ ṣeré, á pè é sídìí fèrèsé.

"Wo àwọn òrùlé méjì yẹn, bí wọ́n ṣe fara ti ara wọn. M nìyẹn. Ilé tìẹ ńkọ́, èwo ni níbẹ̀?"

Muslimat wo àwọn páànù tó ti dípẹtà, títí ojú rẹ̀ fi dé ọ̀nà Bẹẹrẹ.

"Kò sí níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. O ò tíì mọ àdúgbò ni. Ó yá, kọ M."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ kọ ọ́. Bó bá kọ M, á fún un ní bisikíìtì. Bó bá fa òbìrìkìtì, á pa á rẹ́ láì jágbe mọ́ ọn, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Òbìrìkìtì náà ń kéré sí i. Nígbà tó yá, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ létí ìwé. Nígbà tó tún yá, kò sí mọ́. Muslimat kì í lọ dúró ti géètì mọ́. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ti dáhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọlidé, ó kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó níwájú àwọn òbí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Sìdí kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ti bá mi parí ẹ̀. A ò lọ síbì kankan mọ́."

Inú Àǹtí Bùnmi dùn dọ́ba. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ní kó má gbàgbé ohun tó kọ́.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà lẹ́yìn ọlidé, obìnrin kan ti Òkè Bọ́lá wá pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, ó wólẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ń pè é ní Olúwapẹ̀lúmi, ọmọ òun tí wọ́n jí gbé nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orúkọ rẹ̀, láti orí O tí òun kọ́ ọ, kí gbogbo wọn rí i, ọmọ náà sì wo ojú Àǹtí Bùnmi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ MUSLIMAT láì ṣi lẹ́tà kan.