Ẹ̀jẹ̀ Tó Kú Sọ́wọ́

Obìnrin afọ́kúta kan ju hóró oògùn méjì sẹ́nu, ó fi omi tì í, ó tún gbé òòlù. Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ tó rọ́ lórí òkè Dáṣà ṣì wú rọ̀bọ̀tọ̀.

"Màmá, nọ́ọ̀sì ní oògùn ara wíwú yìí máa ń dá egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ síni níkùn béèyàn ò bá jẹun," Amandine, ọmọ rẹ̀, wí.

"Bí mi ò bá fọ́ òkúta, oúnjẹ wo ni n ó jẹ?"

Nígbà tí oòrùn mú, ó yà sẹ́yìn àpáta. Nígbà tó padà, ètè rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó kú sí mi lọ́wọ́ ti ń bá ìgbẹ́ jáde. Ó dúdú bí ọ̀dà."

Ó tẹ́wọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Fún mi ní méjì sí i, kí ìyókù lè jáde."