Ojú Tó Wà Lórí Ère Ìyá Fábùnmi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà láàárín ìgboro ni wọ́n ti fẹ́ gbé ère idẹ kan kalẹ̀ fún Ìyá Fábùnmi, agbẹ̀bí tó ti dolóògbé. Mọ́repékẹ́ ni alága ètò náà. Ó mọ iṣẹ́ ṣe, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ṣekárími rẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò níbi ìsìnkú, yóò ti ọmọ olóòkú sẹ́yìn kó lè dé iwájú.

Olóògbé kò fi fọ́tò kankan sílẹ̀. Fábùnmi, ọmọ rẹ̀ tó jọ ọ́ bí ìmumu, wá sọ pé kí oníṣẹ́ idẹ máa wo ojú òun ṣe é. Mọ́repékẹ́ pòṣé.

"Ta ló tún rántí ojú òkú? Tèmi ni yóò wò."

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ìyá mi ni mo jogún, ojú ara yín ni tiyín, ẹ sì ṣì wà láyé o," ni Fábùnmi wí. "Ojú tó bá wà lórí ère yẹn ni a máa dárò."

Mọ́repékẹ́ lọ jókòó síwájú oníṣẹ́ idẹ. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi dá ère náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lórí rẹ̀, àwọn ẹbí olóògbé yí i ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fọwọ́ pa á lójú. "Ìyá, ó di ojú àlá. Ẹ sùn re o." Mọ́repékẹ́ tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán ṣàdédé mọ ọwọ́ tútù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn abiyamọ bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbẹ̀ láràárọ̀, wọn a fomi nu ojú ère, wọn a ní kí ìyá sùn re. Bí wọ́n bá ti ń nu ún, omi á máa ṣàn lójú Mọ́repékẹ́ nínú ilé. Bí wọ́n bá ti ní kó sùn, oorun á gbé e níbi tó bá wà, ara rẹ̀ á tutù nini, ọkọ rẹ̀ á máa pè é, kò ní lè jẹ́. Ojoojúmọ́ ni oorun náà ń gùn sí i. Jìnnìjìnnì bò ó, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun kò ní jí.

Ló bá lọ kúnlẹ̀ níwájú Fábùnmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àgbà. "Jọ̀ọ́, àbúrò mi, gbà kí wọ́n fi ojú rẹ rọ́pò tèmi."

Fábùnmi wò ó títí. "Ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n bí yín sí, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ẹ bí gbogbo ọmọ yín sí. Ojú rẹ̀ nìkan la ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún un, ẹ tún gbà á." Ó nu omijé nù, ó sì tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ idẹ.

Wọ́n yọ́ orí ère náà, wọ́n fi ojú Fábùnmi tún un dá; torí pé ojú ìyá rẹ̀ ni ojú náà, nǹkan kan kò ṣe é. Oorun yẹn kò gbé Mọ́repékẹ́ mọ́. Àmọ́ títí dòní, kò mọ nǹkan kan lójú ara rẹ̀. Òjò á pa á, kò ní mọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ á fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò ní mọ̀, àfi bí wọ́n bá sọ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi iyì sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí o bá gba ipò ẹlòmíràn nítorí iyì tó wà níbẹ̀, gbogbo ohun tó kù tó ń bọ̀ wá bá onítọ̀hún, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò yà sí.