Ìgò tí Dókítà Àdùfẹ́ Fi Lé Ràdíátù Lọ́wọ́

Ẹnì kan ṣoṣo ni Dókítà Àdùfẹ́ máa mú, àwọn méjì ló sì ń du àyè náà: Ràdíátù, ọmọ Ajégúnlẹ̀, àti Collins. Àwọn méjèèjì ti gboyè másítà. Ẹni tó bá yege á dúró sí ilé ìwádìí tó wà lókè ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road, wọ́n á sì fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀nà tí kòkòrò ibà ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, títí táá fi gboyè dókítà. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé yá nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dókítà fún wọn ní ìgò kékeré kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ ohun inú wọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá sí i.

“Ẹ kán an sínú àwo ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà wà,” ó ní. “Ẹ fi wé àwo tí ẹ ò kán nǹkan kan sí. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ.”

“Oògùn wo ni, mà?” ni Collins bi í.

“Ẹ wò ó fúnra yín.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko ni Ràdíátù fi tẹjú mọ́ maikirosikóòpù. Á kán oògùn, á ka sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀. Iye kan náà ni nínú àwo méjèèjì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, pàbó ló ń já sí. Ó gbà pé ọwọ́ òun ni kò mọ iṣẹ́. Nígbà míì, Dókítà á wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí lo rí?”

“Mo ṣì ń wò ó, mà.”

Dókítà á dúró díẹ̀ sí i, á wá lọ.

Collins ní tiẹ̀ ti ń ya àwòrán aláràbarà tó fi hàn pé oògùn náà ń pa kòkòrò. Ràdíátù bi í bó ṣe rí i ṣe. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Sista mi, na result ọ̀gá dey find o! Ta ló máa gba ẹni tó kọ ‘mi ò rí nǹkan kan’?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ràdíátù, ó sì bà á lẹ́rù.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Lùkúmọ̀n, bàbá rẹ̀, ti ń já ẹrù nínú báàjì, ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, ní jẹ́tì Kírikírì. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba àpò mọ́. Láàárọ̀ Jímọ̀ tí wọ́n máa kó ìwé àbájáde ìwádìí wọn fún Dókítà, ó sin ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

“Mo ti sọ fún gbogbo wọn ní jẹ́tì pé o máa di dókítà o. Má jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.”

“Wọn ò ní fi yín rẹ́rìn-ín, Bàbá, ìnṣáálàhù.”

Lórí àtẹ̀gùn ilé ìwádìí, Ràdíátù fa ojú ìwé tó kọ òótọ́ sí ya. Ó kọ òmíràn: oògùn náà dín kòkòrò kù sí ìdajì. Irọ́ funfun báláú. “Astagfirulái,” ó wí, ó wọlé.

Dókítà ka ìwé Collins lẹ́ẹ̀kan. Ó ka ti Ràdíátù lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yọ awò ojú rẹ̀.

“Ràdíátù, ṣé ohun tí o rí nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, mà.”

Dókítà mí kanlẹ̀. “Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀yin méjèèjì.”

Ràdíátù kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà! Kí ni mo ṣì nínú bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́?”

“Omi oníyọ̀ lásán ni mo rọ sínú ìgò yín,” ni Dókítà dá a lóhùn, “ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń rọ ọ́, ẹ̀yin mẹ́wàá lẹ ti wò ó, kò sì tíì sí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ fún mi pé òun ò rí nǹkan kan.”