Bẹ́líìtì Tó Ń Ka Ìkúnlẹ̀

Ọkàn Ìyá Dẹ̀hìndé ò balẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, aláìsàn tó bá fi ọgbọ̀n ìkúnlẹ̀ na orúnkún rẹ̀ nílé nìkan ni èèyàn ń fọwọ́ ra. Bẹ́líìtì orúnkún Ìyá ti ka ọgbọ̀n náà pé, nítorí náà ọwọ́ èèyàn ló tọ́ sí làkúrègbé rẹ̀ lónìí, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ. Adépèjú, ẹni tó ń fọwọ́ ra aláìsàn, tẹ orúnkún náà wò.

“Màmá, ó gan bí igi. Ta ló wọ bẹ́líìtì yìí dípò yín?”

“Ìyàwó ọmọ mi ni. Ṣebí ó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹbí láràárọ̀.”

Adépèjú pa ọgbọ̀n náà rẹ́ lórí bẹ́líìtì, ó sì dè é mọ́ orúnkún Ìyá. “Ẹ kúnlẹ̀ kí òun náà, kí n tó fọwọ́ kàn yín.”

Ìyá ranjú mọ́ Mojírádé, ìyàwó náà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó di bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń rọra bẹ̀rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí Mojírádé ti kúnlẹ̀ gbì.

“Dìde,” ni Ìyá wí. “Tèmi ni wọ́n ń kà.”